Ọwọ́ Ta Nìyí?

Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ní gbogbo yunifásítì náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gé koríko dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìgboyè, Ẹ-Tún-un-Wò ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìtàn iṣẹ́ ọnà ni. Tó bá gbé àwòrán kan síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ la ẹnu fún odidi wákàtí kan. Kí wọ́n ṣáà máa wò ó. Bí ẹnì kan bá nawọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún pé òun ti rí i, á ní, "O ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ tún un wò." Àwọn kan sùn lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ sunkún. Àmọ́ àwọn tó fara dà á, ojú tí wọ́n gbé wọlé kọ́ ni wọ́n gbé jáde.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni ńlá gan-an ni mímọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn oníṣẹ́ ọnà àtijọ́ kì í kọ orúkọ sára iṣẹ́ wọn. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn gbẹ́ ẹ tán, ó palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ó gbalé lọ. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ẹ-Tún-un-Wò máa mọ̀ ọ́n. Á wo bí etí ère ṣe rí, á wo bí agbẹ́gilére ṣe parí ìka ẹsẹ̀ níbi tó rò pé ẹnikẹ́ni ò ní wò, á ní, "Ọwọ́ tó gbẹ́ tọjọ́sí ló gbẹ́ èyí náà." Wọ́n ń gbé ère wá bá a láti òkè òkun. Gbajúmọ̀ kan bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó ṣáà sọ pé ọwọ́ ọ̀gá kan báyìí ló ṣe iṣẹ́ tó wà nílé òun, kí òun lè máa fi ṣe fáàrí. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni." Ọkùnrin náà ò kí i mọ́ títí dòní. Ẹ-Tún-un-Wò ò purọ́ ọwọ́ rí, ì báà ṣe fún ọ̀rẹ́ tàbí fún ọlọ́lá.

Báwo wá ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe dé ìjókòó ọ̀gá àgbà yunifásítì? Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n ní kó wá bá wọn ṣe olórí ẹ̀ka fún ọdún méjì péré, torí ara ẹni tó wà níbẹ̀ ò yá. Ó ṣe é dáadáa. Ẹni tó bá sì ṣe iṣẹ́ dáadáa, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n máa fi dá a lọ́lá. Wọ́n fi í ṣe olórí gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, wọ́n fi í ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà, nígbà tó sì máa fi gbójú sókè, òun ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún. Ó kọ́ ilé ìkàwé tuntun. Ó jẹ́ kí omi máa yọ ní gbogbo ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Mi ò ní gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín: ọ̀gá gidi ni. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún mẹ́rin tó fi jókòó síbẹ̀, kò wo àwòrán kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Ìwé ló ń wò. Ìwé yẹn náà kò sì ṣeé wò fún wákàtí kan, torí ogójì mìíràn ń dúró lábẹ́ rẹ̀.

Sáà àkọ́kọ́ ti ń parí lọ. Lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ìgbìmọ̀ aláṣẹ máa jókòó láti pinnu bóyá kó tún ṣe ọdún mẹ́rin sí i. Ó fẹ́ ẹ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ó ti ń ya ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà kan lórí bébà láti ọdún kìíní, ilé tí oòrùn á máa gba òkè wọ̀, tí àwọn ọmọ iléèwé á máa wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ láìkọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni rẹ́jísírà wọlé tọ̀ ọ́ wá. Rẹ́jísírà yìí, ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, tó máa ń de gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn bó ti wù kí ooru mú tó. Tẹ́ ẹ bá rí i tó rẹ́rìn-ín, ẹ yáa bojú wẹ̀yìn. Ó to ìwé mẹ́ta sórí tábìlì.

"Ẹ wo ohun tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde iwájú ilé ìkàwé, mà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá."

Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́, íǹkì dúdú, kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Èkíní ní: "Ọ̀gá àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ní ká kó yàrá àwòrán kúrò. Ṣé ẹ gbọ́?" Èkejì ní: "Ọ̀gá àgbà wa, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì fọ́tò ló wà nínú yàrá náà. Ọwọ́ yín ló wà lábẹ́ ìwé tó ní ká kó o. Ṣé ẹ kà á?" Ẹ̀kẹta ò gùn rárá: "Ẹni tó ní ká máa tún un wò, òun fúnra rẹ̀ ò wò ó lẹ́ẹ̀kan."

"Yàrá àwòrán wo?" ni Ẹ-Tún-un-Wò béèrè. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹnu rẹ̀ ṣáà kọ́kọ́ fẹ́ béèrè ni.

"Èyí tó wà ní ẹ̀ka yín àtijọ́, mà. Àwọn tó ń polówó yunifásítì fẹ́ fi ṣe ọ́fíìsì. Ẹ buwọ́ lù ú lóṣù méjì sẹ́yìn, ìgbìmọ̀ sì fàṣẹ sí i."

Ẹ-Tún-un-Wò fa ìwé àṣẹ náà yọ. Háà, ọwọ́ ẹ̀ náà rèé gbọnrangandan lábẹ́ rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ náà, ohun tó sì rántí kì í ṣe ìwé. Ó rántí pé òun dúró, pé báàgì wà léjìká òun, pé dírẹ́bà ti ń tan mọ́tò, pé sẹ́kítírì òun ń ṣí ewé kọ̀ọ̀kan tí òun sì ń buwọ́ lù ú. Ó ju ọgbọ̀n ìwé lọ, kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àfọwọ́fà gbáà.

Rẹ́jísírà ò tíì tán. "Òfin wa yé gbogbo èèyàn, mà. Òṣìṣẹ́ tó bá dójú ti ọ̀gá ní gbangba, lílé ni wọ́n ń lé e. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ ọwọ́ jù. Ẹ bá wa wò ó." Ó fi ìka ti ìwé ẹ̀kẹta síwájú. "Ọwọ́ ta nìyí?"

Ó wò ó. Kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ìrù lẹ́tà gí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja. Àmì abẹ́ àwọn lẹ́tà ò rí roboto, ẹni náà kàn fi gègé fà á kúrú wálẹ̀ ni. Àlàfo àárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì dọ́gba bí ẹni tó fi okùn wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà ló ti rí ọwọ́ yìí lára àpótí, lára káàdì, lẹ́yìn fọ́tò. Ọwọ́ Bàbá Àwòrán ni.

Ta ni Bàbá Àwòrán? Òun ló ń tọ́jú yàrá náà láti ọdún méjìdínlógójì sẹ́yìn. Nígbà tí Ẹ-Tún-un-Wò ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní aṣọ méjì àti bàtà kan, òun ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún un lọ́jọ́ Sátidé tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń fi etí ìka di fọ́tò mú. Nígbà tí bàbá tó bí i kú tó fẹ́ pa ẹ̀kọ́ tì, Bàbá Àwòrán ló wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ títí ó fi dìde tó bọ́jú. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Tó bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, wọ́n á lé e jáde bí olè, pẹ̀lú ewú lórí. Tó bá ní òun ò mọ ọwọ́ náà, irọ́ ọwọ́ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ fi í sílẹ̀ níbí," ló sọ. "Ẹ jẹ́ n rò ó."

"Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ máa béèrè, mà," ni rẹ́jísírà wí, ó bá jáde.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí ẹ̀ka rẹ̀ àtijọ́. Dírẹ́bà rò pé inú ń bí i. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn yàrá àwòrán, páálí ló kọ́kọ́ rí, páálí dé òkè àjà, àwọn àpótí onírin tó máa ń tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì ti ṣófo ìdajì. Bàbá Àwòrán jókòó sáàárín wọn, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé pélébé mọ́ páálí, awò rẹ̀ ti yọ́ wá sí ṣóńṣó imú.

"Ìyá wa! Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Hẹn-ẹn, ẹ má jókòó síbẹ̀ yẹn o, ọ̀rúndún kẹtàdínlógún lẹ fẹ́ jókòó lé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún sápá kejì. Ọdún mẹ́rin ni Bàbá Àwòrán fi jù ú lọ, síbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti di olùkọ́ ló ti ń pè é ní Ìyá wa, kò sì gbà kí wọ́n tún un ṣe.

"Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo wá o, ìgbà mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ọ́fíìsì yín, sẹ́kítírì yín, ọmọ dáadáa ni, ó fún mi lómi mu. Ó ní kí n kọ orúkọ mi àti ohun tí mo bá wá sínú ìwé ńlá kan. Mo kọ ọ́ pé 'Àwòrán.' Ó ní kò yé òun." Ó ti awò rẹ̀ sókè. "Nígbà tó yá ni wọ́n mú ìwé àṣẹ wá. Mo rí ọwọ́ yín lábẹ́ rẹ̀. Mo ní, tó bá jẹ́ òun ló ní ká kó o, á nídìí."

Ẹ gbọ́ ná. Ká ní ó bínú ni, kò bá sàn. Ìfọkàntán yẹn ló gún obìnrin náà jù. Ó di ọwọ́ bàbá náà mú pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tó wà lára rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí. Mi ò kà á. Mo kàn buwọ́ lù ú ni."

"Ó ti ṣẹlẹ̀ ná," ni Bàbá Àwòrán wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ni kì í ṣàṣìṣe."

"Mo rí àwọn lẹ́tà tó wà lórí pátákó. Mo sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́."

Ọwọ́ bàbá náà dúró sójú kan. Ó wò ó títí. "Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Hẹ̀n. Ta ló tún yẹ kó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹ̀yin." Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ò ní in lọ́kàn láti dójú tì yín. Ìfẹ́ ló fi kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi í ṣẹ̀sín."

Bí àwọn àgbà ṣe máa ń jẹ́wọ́ nìyẹn, ni Ẹ-Tún-un-Wò rò lọ́kàn ara rẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ bíi pé ẹlòmíràn ni. Ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sì bi í ní nǹkan kan mọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó délé bá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ sórí tábìlì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀, òun náà Tíṣà ló ń pè é. Olùkọ́ ìṣirò ni, ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún márùn-ún, láti ìgbà náà ló ti gba ilé ìdáná, ó sì ń wọn iyọ̀ bí ẹni tó ń wá ìdáhùn ìbéèrè ìdánwò. Ẹ-Tún-un-Wò ro ẹjọ́ lẹ́tà náà fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tó ní Bàbá Àwòrán ló kọ ọ́, ṣíbí Tíṣà dúró sáàárín abọ́ àti ẹnu.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ni. Tíṣà, mo mọ ọwọ́."

Ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó wú ikọ́. "Ìyàwó, mo fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan."

Fóònù dún. Alága ìgbìmọ̀ ni. Ẹ-Tún-un-Wò na ìka kan sókè sí ọkọ rẹ̀: ẹ dúró díẹ̀. Ìka yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti di ẹnì kẹta nínú ilé wọn. Ó ti bá wọn jẹun, ó ti bá wọn wọ mọ́tò, ó ti bá wọn dé ibi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Alága ní gbogbo ìgbìmọ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí nìkan ló kù. "Ẹ ṣáà fún wa lórúkọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Orúkọ kan péré. Ọdún mẹ́rin yín ti wà lápò." Lẹ́yìn alága, ẹlòmíràn tún pè. Nígbà tó fi máa sọ fóònù kalẹ̀, abọ́ ti mọ́, Tíṣà sì ti wọlé lọ sùn. Ẹ-Tún-un-Wò ní òun á béèrè ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀. Kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀ pé. Aago mẹ́wàá àárọ̀, èèyàn mọ́kànlá yí tábìlì gbọọrọ ká, ike omi kọ̀ọ̀kan níwájú wọn. Alága, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́tà. Ẹ-Tún-un-Wò dìde.

"Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dá mi lójú jù," ló wí. Ó gbé ìwé àṣẹ yàrá àwòrán kalẹ̀. "Èyí, ọwọ́ mi ni. Mi ò ka ìwé yìí kí n tó buwọ́ lù ú. Ọdún méjìdínlógójì iṣẹ́ ló wà nínú yàrá náà, mo sì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lé e jáde. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé e."

Wọ́n wo ara wọn. Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀gá máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ síta láìsí ẹni tó fún un lọ́rùn.

"Àwọn lẹ́tà náà ńkọ́, mà?" ni rẹ́jísírà béèrè. "Ọwọ́ ta ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀."

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lóòótọ́ ṣá, mà?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò purọ́ ọwọ́ rí, mi ò sì ní tìtorí kí ara lè tù mí kí n wá sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Òótọ́ lẹni náà kọ. Ẹni tó sọ òótọ́ fún mi, mi ò ní fà á lé yín lọ́wọ́."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó wà lórí tábìlì lónìí."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀." "Ẹ fagi lé àṣẹ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lẹ́tà parí síbí, kí wọ́n má wá ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi náà ò ní béèrè fún sáà kejì. Tí tèyí bá parí, màá padà sí kíláàsì mi."

Wọ́n ní kó jáde ná. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rúfin máa ń jókòó sí. Ó ro ilé ìṣàfihàn tí kò ní kọ́ mọ́, ó ro oòrùn tí ì bá máa gba òkè wọ ibẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó dùn ún. Ó dùn ún gan-an. Nígbà tí wọ́n pè é wọlé lẹ́yìn ìdajì wákàtí, alága ní ìgbìmọ̀ ti gbà, kò sì gbójú sókè nígbà tó ń sọ ọ́. Rẹ́jísírà ń tún bọ́tìnì rẹ̀ ṣe.

Kò padà sí ọ́fíìsì. Ó gba yàrá àwòrán lọ tààrà kó lè lọ sọ fún Bàbá Àwòrán pé kó tú páálí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Bàbá Àwòrán ò sí níbẹ̀. Ọkùnrin kan ló jókòó sídìí tábìlì, ó kẹ̀yìn sí i, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó tẹrí mọ́ ìwé pélébé kan tó ń kọ. Ó mọ ẹ̀yìn orí náà. Ó ti ń jí bá a láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kí ni Tíṣà wá ṣe níbí? Ó ti fẹ́ pè é kó tó rí ọwọ́ rẹ̀.

Gègé náà lọ wálẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ìwọ̀ ẹja. Ó fa àmì kúkúrú kan sábẹ́ lẹ́tà. Ó fò, ó fi àlàfo sílẹ̀ bí ẹni tó fi okùn wọ̀n ọ́n.

Ara Ẹ-Tún-un-Wò dúró gbagidi. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Nígbà tí Tíṣà ṣì ń fẹ́ ẹ sọ́nà, ojoojúmọ́ ló máa ń wá dúró dè é nínú yàrá yìí lẹ́yìn iṣẹ́. Bàbá Àwòrán ní ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ lẹ́rán nínú yàrá òun, ó fún un ní gègé, ó kọ́ ọ ní ọwọ́ òun kí àwọn káàdì lè bára mu. Káàdì ẹgbẹ̀ta ni ọkùnrin náà kọ kí òun tó gbà láti fẹ́ ẹ. Ẹ-Tún-un-Wò ti gbàgbé gbogbo ìyẹn. Lọ́dọọdún tó fi ń kọ́ni ló sì ń dúró níwájú kíláàsì tó ń kì wọ́n nílọ̀: ẹ ṣọ́ra, ẹni tí ọ̀gá kọ́, ọwọ́ rẹ̀ lè jọ ti ọ̀gá.

"Tíṣà."

Ọkùnrin náà ta gìrì, íǹkì sì kán sórí ìwé. "Ìyàwó! Ṣé ìpàdé ti parí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Ó gbé gègé sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi ni. Bàbá ò lè sùn mọ́, kò sì fẹ́ fẹjọ́ ẹ sun ẹnikẹ́ni."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi nílé?"

"Mo sọ fún ẹ. Mo sọ ọ́ lórí oúnjẹ, o ní kí n dúró díẹ̀. Mo sọ ọ́ nínú mọ́tò, o ní kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo fi ránṣẹ́."

Obìnrin náà yọ fóònù rẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ náà kàn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn: "Ìyàwó, wọ́n fẹ́ kó yàrá àwòrán dànù, jọ̀ọ́ bá wọn dá sí i." Abẹ́ rẹ̀ ni èsì tí òun fúnra rẹ̀ kọ wà: "Ẹ ṣeun. A ó gbé e yẹ̀ wò." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ rẹ̀ ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí.

"Mo wá rí i pé ohun tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ pátákó nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹ," ni Tíṣà wí. Kì í ṣe pé ó ń bú u, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ló kàn sọ. "Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún ẹ lọ́jọ́ Ajé. Fóònù dún. Wọ́n ṣe ẹ́ ní nǹkan kan níbẹ̀?"

Obìnrin náà ro ohun tó ṣe nípàdé fún un. Ọkùnrin náà fò dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. "Torí tèmi? Jẹ́ ká padà lọ. Màá sọ fún wọn pé èmi ni, èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?"

"Ẹ jókòó. Ó ti parí." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo rò pé Bàbá ni."

"Ká ní o mọ̀ pé èmi ni ńkọ́?"

"N bá ti bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn."

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń wo inú yàrá náà. Súwẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ti wá títí nílé wà lẹ́yìn àga. Ife rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti kán wà lójú fèrèsé. Àpò oúnjẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Tíṣà, láti ìgbà wo lẹ ti ń wá síbí?"

Olùkọ́ ìṣirò ò lè fojú díwọ̀n nǹkan tó ti kà. "Ọdún méjì, oṣù mẹ́rin. Lọ́sàn-án."

"Lójoojúmọ́?"

"Àyàfi lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ ni mo kọ́kọ́ ń wá. Mo ní bóyá o máa ráyè ká jọ jẹun. Wọ́n máa ń ní o wà nípàdé. Mi ò sì fẹ́ máa gbé oúnjẹ padà sílé, ni Bàbá bá ní kí n máa wá jẹ ẹ́ níbí." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A máa ń rí fèrèsé ọ́fíìsì ẹ láti ibí. Tó o bá fa aṣọ fèrèsé, Bàbá á ní, 'Ìyá wa ti fẹ́ sùn díẹ̀.' Mo mọ̀ pé o kì í sùn."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Kò pa á mọ́ra, kò sì bo ojú. Ó sunkún bí obìnrin tó ti wà nítòsí ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjì láìdé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ẹ má bínú," ló ń sọ. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi." Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fi àtàǹpàkò pa á lẹ́yìn ọwọ́, kò sọ pé kó dákẹ́.

Ilẹ̀kùn dún. Bàbá Àwòrán ló yọjú, páálí gọ́ọ̀mù lábẹ́ apá rẹ̀. Ó wò wọ́n, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì rọra tilẹ̀kùn padà láti ìta.

Nígbà tí ẹkún náà dá, Tíṣà tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí àpò oúnjẹ. Abọ́ méjì ló kó jáde, ṣíbí méjì.

"Ṣé Bàbá ń bá yín jẹ nínú rẹ̀ ni?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Rárá, tiẹ̀ máa ń wà lọ́tọ̀."

"Ta ló wá ni èkejì?"

Tíṣà bu oúnjẹ sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀, obìnrin náà fa àga mọ́ tábìlì, ó sì gbà á.